Ọ̀rọ̀ Onílẹ́tà Méjì

Tíṣà Òṣìnọ́wọ̀ ya imú sójú pátákó,
imú gbọọrọ tó jọ ti òun fúnra rẹ̀.
Ó ní, "Òórùn tó ń lé ènìyàn jáde nílé,
kí ni ó ń ṣe?"
Gbogbo kíláàsì hó: "Ó ń rùn, sà!"
Ó mirí.
"Òkú eku lábẹ́ àpótí ló ń rùn.
Ti ilé gààrí ìyá yín ńkọ́?
Ẹ lọ bi wọ́n wá."

Ní Ìmùṣin ni, lọ́dún tí atẹ́gùn ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Àǹtí Odùbọ́lá,
àbúrò ìyá mi, ẹni tí ẹ̀gẹ́ ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú.
Àpò wà lábẹ́ òkúta láti ijẹ́ta,
omi rẹ̀ ń kán, tó, tó, tó,
bí ẹni ń ka owó tí kò fẹ́ ná.
Ìjẹ̀bú kì í kánjú gbé òkúta kúrò lórí àpò:
kó kan, kó tó kan agbada.

Mo wọlé. Imú mi fẹ́ sá padà láìdúró dè mí.
"Àǹtí, kí ni òórùn yìí ń ṣe?"
Kò gbójú sókè; igbá ń lọ, igbá ń bọ̀.
"Ó ń ta."
"Bí i ti kí ni?"
"Bí i ti àkekèé tó ta mí nídìí igi ìdáná
nígbà tí mo lóyún Odùgbẹ̀san.
Mi ò rí i. Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀.
Mo ṣáà fò."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: TA.
Tíṣà fún mi ní méje nínú mẹ́wàá, kò sọ ìdí.
Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà
bí ajá tó gbọ́ òórùn ọ̀yà.
Ọdẹ ta ọfà, etu ṣubú.
Agbọ́n ta ọmọ tó ju òkò.
Ata ńkọ́? Mo fura pé iṣẹ́ tó ń ṣe ló fi gborúkọ:
a-ta, ohun tí ń ta.
Atalẹ̀, ata tó fara pa mọ́ sínú ilẹ̀.
Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀ o; ẹni tó mọ̀ jù mí lọ, kó tún un ṣe.
Ẹni tó sùn tó sì là á lójijì,
a ní ó tají. Kí ló ta á?
Ọ̀kan ṣì wà tí kò jẹ́ kí èmi náà sùn:
ọbẹ̀ aládùn, ṣebí a ní ó ń ta sánsán?
Ọfà kan náà ni.
Ikùn ni èyí bá, ojú ni tọ̀hún bá.

Àwọn òórùn yòókù, gbígbọ́ là ń gbọ́ wọn,
bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Lọ́yẹ́ èṣí, àìsàn kan ṣe Àǹtí Odùbọ́lá.
Ara yá, ṣùgbọ́n imú dití.
Ẹja jóná níwájú rẹ̀, kò mọ̀.
Ó gbé ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ tó ti kú síwájú imú,
ó gbé e títí,
ó ká a padà sínú àpótí.
"Kò sọ nǹkan kan mọ́."

Mo la àlùbọ́sà sí méjì, mo gbé e sún mọ́ ọn.
"Ẹ gbọ́ ọ?"
"Mi ò gbọ́."
A dákẹ́. Ewúrẹ́ kan kọjá lẹ́nu ọ̀nà.
Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú ọ̀tún rẹ̀,
ó kán sínú àwo,
tó.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àlejò kanlẹ̀kùn rẹ̀ lóru.

"Mi ò gbọ́ ọ o, ọmọ mi.
Ṣùgbọ́n ó ta mí.
Gé òmíràn."